Rìsíìtì Kákì Mẹ́fà

Oṣù kẹrin dé, àwọn aṣòfin kó àpótí ìwé wọn wá,
mẹ́tàdínlógójì, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri
bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de èsì ìdánwò.
Lóde, yìnyín tó kù lórí òrùlé ń yọ́,
ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kán: tó, tó, tó.
Èmi Fumie, akọ̀wé nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin,
mo fi rọ́bà bọ àtàǹpàkò,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí kì í ṣe tèmi.

Òfin náà kò gùn.
Owó ìwádìí, ìwádìí ni kí wọ́n fi ṣe.
Bí ọ́fíìsì bá wà nínú ilé ìyàwó ẹni,
ìlú kò ní san owó ilé fún ìyàwó ẹni.
Bí tẹlifóònù kan bá ń ṣiṣẹ́ ìlú, tó tún ń tọrọ ìbò,
ẹ là á sí méjì, kí ìlú san ìdajì.
Kò sí ọtí níbẹ̀. Kò sí òdòdó òkú.
Kò sí ẹ̀bùn, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́.
Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà títí dórí yẹ́ẹ̀nì kan.

Ti Ọ̀gbẹ́ni Torigoe ni mo kọ́kọ́ ṣí.
Háà, ìwé tó mọ́!
Ó lẹ rìsíìtì mọ́ pépà bí ẹni lẹ labalábá.
Ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń kó yìnyín kúrò lọ́nà
nílùú kan létí òkun: òru méjì, hòtẹ́ẹ̀lì kan,
ìjábọ̀ ojú ewé mẹ́sàn-án, òǹtẹ̀ pupa tí kò yà bàrá.
Ohun kan ṣoṣo ló ṣe mí ní kàyéfì:
oṣù kẹjọ ló lọ wo yìnyín.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò bá a.
Èmi ò ní ogún ọdún; oṣù kẹta tó ń bọ̀ ni mo ń fẹ̀yìn tì.
Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì náà.
Obìnrin kan gbé e, ariwo ọmọdé ń sọ lẹ́yìn rẹ̀:
"Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nìyí o.
Hòtẹ́ẹ̀lì ti kógbá wọlé láti ọdún mẹ́ta."
Mo dúpẹ́. Mo kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Àpótí Oginuma ló mú un gbọ̀n.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kóòtù rẹ̀ kì í bá èjìká mu.
Rìsíìtì rẹ̀ ti rún, ọbẹ̀ ti ta sí òmíràn.
Epo mọ́tò, kìlómítà mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Kákì mẹ́fà, irinwó yẹ́ẹ̀nì ó lé ọgọ́rin.
Lẹ́yìn rẹ̀ ló ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́:
"Orisaka, ilé Ìyá Tane. Bọ́ọ̀sì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.
Wákàtí méjì ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀. N ò lè lọ lọ́wọ́ òfo."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Mo mọ bí arúgbó ṣe ń gbé kákì lé àtẹ́lẹwọ́ kó tó jẹ ẹ́;
bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi náà ń ṣe.
Ṣùgbọ́n òfin kò ní ahọ́n, kò mọ adùn.
Bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún kákì mẹ́fà,
ibẹ̀ ni Torigoe máa gbà kó páálí ọtí wọlé.
Mo mú báírò pupa, mo fagi lé e.

Nírọ̀lẹ́, Oginuma wá ka owó ẹyọ sórí tábìlì mi.
Kò bínú. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ó fagi lé e."
"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kó o wá nígbà náà?"
"Kí ẹnì kan nínú ilé ńlá yìí lè kà nípa bọ́ọ̀sì yẹn."

Iye owó ni mo fagi lé. N ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.
Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́tàdínlógójì.

Ọ̀gbẹ́ni Torigoe kò tíì yọjú.
Lọ́yà rẹ̀ ló wá,
ó ń béèrè lọ́wọ́ mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
bóyá yìnyín kì í bọ́ rárá lóṣù kẹjọ.